A Kì í Fi Oríkì Ẹlòmíràn Jó

Ní òde ìsìnkú kan tí mo lọ ní Ìgàńdò, onílù gángan kan rí bàbá arúgbó kan tí ó wọ agbádá sányán, ó sì sáré lọ bá a. Kò béèrè orúkọ, kò béèrè orílẹ̀. Ó kàn wo agbádá, ó wo fìlà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù kì í ní oríkì àwọn Oníkòyí. Ìlù náà dùn. Àwọn tí ó jókòó yí bàbá ká ti dìde, wọ́n ti ń mú owó jáde nínú àpò. Ṣùgbọ́n bàbá kò mira. Ó na ọwọ́ sókè, onílù dákẹ́, bàbá sì wí pé: "Ọmọ mi, o ṣeun. Ìlù rẹ dára, ṣùgbọ́n ẹni tí o ń kì kò sí níhìn-ín. Ọmọ Ọ̀pómúléró ni èmi." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tilẹ̀ sọ pé, "Bàbá, ẹ ò bá kúkú jó o, ta ni yóò mọ̀?" Bàbá wò ó, ó ní, "Èmi yóò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi bí abẹ́rẹ́, nítorí pé ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú òde náà, àṣírí tú pé èmi náà ti ń fi oríkì ẹlòmíràn jó, mo sì ti jó o fún ọdún méjì gbáko. Kì í ṣe ní òde ìsìnkú ni mo ti jó o. Orí ẹ̀rọ ayélujára ni. Àròkọ yìí jẹ́ ìjẹ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjẹ́wọ́ nìkan. Ẹjọ́ ni mo wá rò. Mo wá sọ pé ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a ń pè ní olùkọ́ yunifásítì, tí ó bá rí iṣẹ́ oníṣẹ́ lábẹ́ orúkọ rẹ̀, tí ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ń mú kí iye rẹ̀ gun òkè, olè ni, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ gbé ẹrù náà lé e lọ́wọ́.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé àwọn òǹkàwé tí kò sí nínú iṣẹ́ wa, ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Bí onímọ̀ kan bá kọ ìwé tàbí àpilẹ̀kọ, tí onímọ̀ mìíràn sì dárúkọ iṣẹ́ náà nínú tirẹ̀, ìtọ́kasí ni a ń pe ìyẹn. Àṣà yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ta ni kò mọ̀ pé bí babaláwo bá fẹ́ ki ẹsẹ Ifá, orúkọ awo tí ó dífá ni ó sábà máa ń fi ṣáájú, kí ó tó kan ẹni tí a dífá fún? Babaláwo kò gbọdọ̀ sọ ara rẹ̀ di ẹni tí ó dá Ifá tí àwọn àgbà ti dá sílẹ̀ kí a tó bí i. Ìtọ́kasí gan-an ni ìyẹn: kí a fi ọlá fún ẹni tí ọlá tọ́ sí, kí ẹni tí ó ń gbọ́ sì lè mọ orísun omi tí òun ń mu.

Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni kí a máa ka ìtọ́kasí bí ẹni ń ka owó ẹyọ. Ní ọdún 1964 ni Eugene Garfield, ará Amẹ́ríkà, ṣe àtòjọ ńlá kan jáde, Science Citation Index, tí ó ń fi hàn ẹni tí ó tọ́ka sí ẹni láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 2004 ni ilé iṣẹ́ Google gbé Google Scholar kalẹ̀. Ní ọdún 2005 ni Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Kalifóníà, dá òṣùwọ̀n kan sílẹ̀ tí a ń pè ní atọ́ka h. Òṣùwọ̀n náà kò le: bí ènìyàn bá ní iṣẹ́ mẹ́wàá tí a ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà mẹ́wàá, ó kéré tán, atọ́ka h rẹ̀ jẹ́ 10. Nígbà tí ó di ọdún 2011, Google ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí onímọ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní ojú-ewé tirẹ̀, níbi tí orúkọ rẹ̀, àwòrán rẹ̀, àtòjọ iṣẹ́ rẹ̀ àti iye ìtọ́kasí rẹ̀ yóò wà ní gbangba fún gbogbo ayé láti rí.

Láti ìgbà náà ni ojú-ewé yìí ti di agbádá sányán. Àwọn àjọ tí ó ń to yunifásítì ayé ní ipò kìíní, ipò kejì, bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Webometrics, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sípéènì ní ọdún 2004, wà lára àwọn tí ó mú iye ìtọ́kasí inú Google Scholar lò fún ìṣirò wọn. Bí àwọn aláṣẹ yunifásítì wa ti gbọ́ èyí, wọ́n fọ́n ìwé àṣẹ káàkiri: kí gbogbo olùkọ́ lọ ṣí ojú-ewé. Mo gbọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọ́n pàṣẹ kí olùkọ́ padà lọ wo ohun tí ó wà nínú ojú-ewé náà bóyá òtítọ́ ni.

Nígbà tí àṣẹ náà kan èmi, n kò mọ bí a ti ń ṣe é. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan lọ ní Ẹ̀gbẹ́da, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń bá ènìyàn tẹ̀wé, tí wọ́n sì ń bá ọmọ ilé-ìwé kọ fọ́ọ̀mù JAMB. Ọmọkùnrin tí ó dá mi lóhùn gba owó díẹ̀, ó tẹ orúkọ mi sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì kó àwọn iṣẹ́ kan jọ, ó ní ṣé tèmi ni wọ́n. Ọmọ náà kò bi mí. Ó dá ẹ̀rọ lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, tèmi ni gbogbo rẹ̀. Ó tún tẹ ibì kan tí ó fún ẹ̀rọ láṣẹ pé kí ó máa fi iṣẹ́ tuntun kún un fúnra rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo délé ni mo tó wo àtòjọ náà dáadáa. Oríkì wà níbẹ̀, ewì alohùn wà níbẹ̀, àpilẹ̀kọ mi lórí ẹkún ìyàwó wà níbẹ̀; ṣùgbọ́n ẹja àrọ̀ náà wà níbẹ̀, oúnjẹ ẹja wà níbẹ̀, àìsàn ẹja nínú odò àtọwọ́dá wà níbẹ̀. Èmi tí n kò sin ẹja rí, tí n kò mọ ẹja ju èyí tí ìyàwó mi ń rà ní ọjà Ìkọ̀tún lọ!

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì pa ẹ̀rọ dé. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tí ó ni iṣẹ́ ẹja wọ̀nyẹn ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà pẹ̀lú mi, lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àbísọ wa sì bára mu. Mo sọ fún ara mi pé n óò tún un ṣe ní ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún méjì. Kí ló fà á? Ìtọ́kasí inú ojú-ewé mi ti lé ní 400, àwọn ènìyàn sì ń kí mi kú oríire. Wọ́n kọ orúkọ mi mọ́ ti àwọn tí ayé ń tọ́ka sí jù láàárín wa. Mo ra ohun mímu fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mo jó.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́ olùkọ́ kan ní yunifásítì mìíràn. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ má bínú pé mo yọ yín lẹ́nu. Àwọn iṣẹ́ mi kan wà lórí ojú-ewé yín, sà. Àwọn tí ó ń yẹ ìwé ìgbéga mi wò rí wọn níbẹ̀, wọ́n sì ń béèrè pé ta ni ó kọ wọ́n ní tòótọ́. Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá mi yọ wọ́n kúrò." Ó pè mí ní sà ní ìgbà mẹ́ta nínú lẹ́tà tí ó yẹ kí ó ti pè mí ní olè.

Àwọn kan yóò sọ pé ariwo kí ni èyí, ṣebí nọ́ńbà lásán ni. Wọn yóò rán mi létí pé àwọn àgbà kò fẹ́ràn ìkà, pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èmi tí mo ń gbé ní Alímọ̀ṣọ́ kò lè gba ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí pé àwa níhìn-ín mọ ohun tí ìkàkukà lè ṣe fún ènìyàn. Nígbà tí a ka orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 2006, àjọ tí ó ń ka ènìyàn fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé àwa tí a wà ní Alímọ̀ṣọ́ lé díẹ̀ ní 1,200,000. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní irọ́ ni, pé nínú kíkà tiwọn, a lé ní 2,000,000. Fún gbogbo ìpínlẹ̀ náà, ìjọba àpapọ̀ ní 9,013,534. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní 17,552,942. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iye méjèèjì tó odindi ìpínlẹ̀ mìíràn! Ẹni tí ó bá ti dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti Ìyànà-Ìpájà dé Ìgàńdò, tàbí tí ó ti rí bí èrò ti ń tò ní ọsibítù ìjọba ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kò ní sọ fún mi pé nọ́ńbà lásán ni nọ́ńbà. Orí nọ́ńbà ni a ti ń pín owó, orí rẹ̀ ni a ti ń pín ilé-ìwé àti ibùsùn aláìsàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú iṣẹ́ wa. Orí iye ìtọ́kasí ni àwọn kan ti ń yan ẹni tí yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tí yóò rí owó ìwádìí gbà, ẹni tí a óò pè sí àpérò ní ilẹ̀ òkèèrè. Bí iye bá ti ní irú agbára bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ba iye jẹ́ ti ba ayé ẹlòmíràn jẹ́. Ọ̀dọ́ tí ó kọ lẹ́tà sí mi kò sọ pé ọlá mi ń bí òun nínú. Ohun tí ó sọ ni pé ọlá tí kì í ṣe tèmi ti dènà oúnjẹ tirẹ̀.

Ṣé ó wá yẹ kí a dá ẹ̀rọ lẹ́bi? Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo sí ẹ̀rọ. Orúkọ Yorùbá le fún un, nítorí pé ẹ̀rọ kò wo ilé kí ó tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1966, orúkọ tí ó sì wà lára rẹ̀ ni S. A. Babalola. Ní ọdún kejì, 1967, Àwọn Oríkì Orílẹ̀ jáde, Adeboye Babalola ni ó wà lára rẹ̀. Àwa mọ̀ pé ènìyàn kan ṣoṣo ni. Lójú ẹ̀rọ, ènìyàn méjì ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábíyì Babalọlá Joseph Yáì, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, tí ó kọ́ni ní Ifẹ̀ àti ní Florida kí ó tó ṣe aṣojú ilẹ̀ rẹ̀ ní UNESCO, náà ní Babalọlá nínú orúkọ rẹ̀. Bí ẹni tí ó ń to ìwé bá gé orúkọ yẹn síbi tí kò yẹ, iṣẹ́ ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ lè wọ ilé ẹlòmíràn lọ. Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, èyí tí àbúrò rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ní ọdún 1755. Ta ni yóò bá ẹ̀rọ ya ará Ọ̀yọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ará Lọ́ńdọ̀nù?

Ti àwọn obìnrin tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin fi orúkọ bàbá rẹ̀ kọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé, ó lọ ilé ọkọ, ó fi orúkọ ọkọ kọ àpilẹ̀kọ mẹ́wàá, ó tún wá so méjèèjì pọ̀. Ẹ̀rọ sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Ifá-nǹkan tàbí Ògún-nǹkan, tí ó wá di onígbàgbọ́, tí ó sọ Ifá di Olú, tí ó sọ Ògún di Jésù. Ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣe nígbà tí ó ń jẹ́ Ifá kò tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àmì ohùn tí a fi ń kọ èdè wa náà ń kó ìyọnu bá a. Kọ Òjó láìfi àmì sí i, kí o sì bi ẹ̀rọ bóyá ọmọ àmútọ̀runwá ni, tàbí òjò tí ń rọ̀, tàbí ọjọ́ tí ń lọ. Bí o bá sì fi àmì sí i, òmíràn nínú àwọn ẹ̀rọ yìí a gé orúkọ náà sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé ilá, lẹ́tà tí ó ní àmì á wà lápá kan, èyí tí kò ní á wà lápá kejì.

Nítorí náà, n kò bínú sí ẹ̀rọ. Àjèjì ni, kò sì mọ ilé wa. Ẹni tí mo bínú sí ni onílé tí ó rí i pé àjèjì gbé ẹrù aládùúgbò wá fún òun, tí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹrù náà. Àwọn àgbà ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́. Wọ́n ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Google ni ó gbé epo. Èmi ni mo gbà á.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ fún mi pé gbogbo ayé ni ó ń ṣe é, pé àwọn aláwọ̀ funfun pàápàá ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń ṣe é, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 2010, Cyril Labbé, onímọ̀ ará Faransé, fi ẹ̀rọ ṣe àwọn àpilẹ̀kọ tí kò ní ìtumọ̀, ó sọ pé ẹni tí ó kọ wọ́n ń jẹ́ Ike Antkare. Ìyá kankan kò bí Ike Antkare, síbẹ̀ atọ́ka h rẹ̀ nínú Google Scholar gun òkè dé 94. Ní ọdún 2024, Reese Richardson àti Nick Wise ṣe irú rẹ̀ fún ológbò kan tí ń jẹ́ Larry, ológbò ìyá àgbà Richardson. Wọ́n kọ ìwé fún ológbò, wọ́n kọ ìwé mìíràn tí ó tọ́ka sí ìwé ológbò, kò sì pẹ́ tí ìtọ́kasí ológbò fi lé ní 100. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rò ó. Bí ológbò tí ó ń sùn lẹ́bàá àdògán bá lè ní ìtọ́kasí ju ọ̀mọ̀wé lọ, ògo wo ni ó wà nínú kí ọ̀mọ̀wé máa bá ológbò du ipò?

A sì gbọ́ ti àwọn kan láàárín wa tí ó ti sọ ìtọ́kasí di èsúsú. Ìwọ tọ́ka sí mi lónìí, èmi yóò tọ́ka sí ọ lọ́la. Kí ẹni kẹta dá tirẹ̀ ní oṣù tí ń bọ̀. Èsúsú dára fún owó, nítorí pé owó tí mo dá ni mo ń kó. Ṣùgbọ́n ìtọ́kasí kì í ṣe owó. Ẹ̀rí ni. Mo ń jẹ́rìí fún òǹkàwé mi pé mo ka iṣẹ́ lágbájá, ó sì ràn mí lọ́wọ́. Ẹni tí ó ń fi ẹ̀rí dá èsúsú, ìjẹ́rìí èké ni ó ń ṣe, ìbáà wọ aṣọ ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹjọ́ kan ṣẹ́kù tí mo gbọ́dọ̀ gbọ́ pẹ̀lú sùúrù, nítorí pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Àwa tí a ń fi èdè Yorùbá kọ́ ìmọ̀ Yorùbá sọ pé ẹ̀rọ ń rẹ́ wa jẹ. Ìwé Bámgbóṣé, Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá, ti ọdún 1990, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò ṣí i rí. Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní ọdún 1970, ìran mélòó ni ó ti kà á ní ilé-ìwé? Láàńgbàsà, jọ́nà tí àwọn ará Yunifásítì Èkó ń fi Yorùbá kọ, ti gbé àpilẹ̀kọ tí ó jinlẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lórí pépà, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tọ́ka sí wọn sì wà nínú àpótí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́, tí eruku ń bò wọ́n. Ohun tí kò sí lórí ayélujára, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ó wà. Nítorí náà ni iye ẹni tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ ìmọ̀ ní Yorùbá ṣe ń kéré, tí ti ẹni tí ó kọ ìwọ̀nba nǹkan ní Gẹ̀ẹ́sì sì ń pọ̀.

Òtítọ́ ni. Ìrẹ́jẹ sì ni. Àwọn onímọ̀ ayé pàápàá ti rí i. Ní òpin ọdún 2012, àwọn kan pàdé ní San Francisco, wọ́n sì kọ àkéde kan tí ó sọ pé kí a yé fi òṣùwọ̀n jọ́nà dá onímọ̀ lẹ́jọ́, pé iṣẹ́ gan-an ni kí a máa wò. Ní ọdún 2015, àwọn mìíràn gbé ìlànà mẹ́wàá tí wọ́n pè ní ti Leiden kalẹ̀. Ìkẹta nínú wọn ni pé kí a dáàbò bo iṣẹ́ tí ó dára tí ó sì wúlò fún agbègbè ẹni, pàápàá èyí tí a kò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Kí àwọn tí ó ń jókòó lórí ìgbéga ní yunifásítì wa lọ ka ìlànà náà. Kí wọ́n ka ìwé tí olùkọ́ kọ. Bí ìgbìmọ̀ bá lè jẹun ọ̀sán tán kí ó tó dájọ́ ènìyàn, ó yẹ kí ó lè ka àpilẹ̀kọ mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ṣé nítorí pé òṣùwọ̀n ọlọ́jà kò pé ni a óò ṣe jí gààrí? Bí ẹ̀rọ kò bá ka Láàńgbàsà, ẹja àrọ̀ kọ́ ni yóò bá wa gbẹ̀san. Irọ́ tí mo gbà láyè nípa iye mi ni yóò jẹ́ kí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ti Yorùbá sọ pé gbogbo iye wa ni irọ́. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ jà fún òtítọ́ nípa ìmọ̀ Yorùbá, ọwọ́ wa gbọ́dọ̀ mọ́. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ó sì sàn ju atọ́ka h lọ.

Kí ni ó wá yẹ kí a ṣe? Iṣẹ́ náà kò pọ̀, kò sì gba ọmọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ojú-ewé rẹ̀, kí ó wo àtòjọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó yọ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó fi èyí tí ẹ̀rọ gbàgbé kún un, kí ó sì pa iṣẹ́ kan tí ẹ̀rọ kọ sí ìlà méjì pọ̀ sí ọ̀kan. Kí ó pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun kún un mọ́ láìkọ́kọ́ fi ímeèlì béèrè. Kí ó mú ọ̀nà kan tí yóò máa gbà kọ orúkọ rẹ̀, kí ó má ṣe yí i padà ní gbogbo ìgbà. Láti ọdún 2012 ni àjọ kan tí ń jẹ́ ORCID ti ń fún onímọ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníye 16, láìgba kọ́bọ̀. Gbogbo orúkọ tí ènìyàn ti jẹ́ rí ni a lè kó sábẹ́ nọ́ńbà kan náà. Obìnrin tí ó jẹ́ orúkọ mẹ́ta yóò tún di ẹnì kan. Ẹni tí ó kúrò nínú Ifá bọ́ sínú Olú kò ní pàdánù iṣẹ́ ìgbà èwe rẹ̀.

Èyí tí ó wà fún wa gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ni ti àwọn àgbà tí ó ti lọ. Òkú kò lè ṣí ojú-ewé. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni ó yẹ kí ó to iṣẹ́ wọn jọ lórúkọ tí ó tọ́, kí ó bá ilé ìkówèésí sọ̀rọ̀ kí àtòjọ wọn lè wà níbi tí ẹ̀rọ yóò ti rí i, kí ó sì máa kọ orúkọ wọn pé pérépéré nígbà tí ó bá ń tọ́ka sí wọn. Bí a bá ń ta ara wa lọ́pọ̀ ìtọ́kasí tí a kò ní, tí a sì gbàgbé ẹni tí ó kọ́ wa, èwo nínú wa ni ọmọ gidi?

Nígbà tí mo gba lẹ́tà ọ̀dọ́ olùkọ́ náà, mo lọ sọ fún ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ kàn pé mo fẹ́ yọ àwọn iṣẹ́ ẹja kúrò. Ó ní kí n ṣe sùúrù díẹ̀ kí wọ́n parí kíkà ti ọdún náà, nítorí pé iye tèmi wà lára iye gbogbo wa. Mo padà sí Ìgàńdò. Kò sí iná ní àdúgbò wa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹja àrọ̀ kúrò nínú oríkì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo parí, ìtọ́kasí tí ó lé ní 400 kò tó 80 mọ́. Mo kọ lẹ́tà sí ọmọ náà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, sà."

Àwọn kan kò kí mi mọ́ bí wọ́n ti ń kí mi tẹ́lẹ̀. Kò burú. Iye tí ó kù kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí onílù bá kì mí ní ọjọ́ kan, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, mo lè dìde jó.